Ẹja kì í rí ìwọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Old Garage ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn èèyàn kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan parí kí ẹnì kan má wọlé wá na fóònù sí mi pé, "Ẹ bá mi wo èyí, ṣé òótọ́ ni àbí àwọn gbájúẹ̀ ni?" Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ ni mo kó jọ síhìn-ín, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Kí ni wọ́n ń pè ní phishing gan-an?

Jìbìtì ni, ṣùgbọ́n irú jìbìtì tí olè kò ti nílò láti já ilẹ̀kùn, nítorí pé onílé fúnra rẹ̀ ni yóò na kọ́kọ́rọ́ sí i. Gbájúẹ̀ yóò fi ara rẹ̀ pe báńkì, iléeṣẹ́ fóònù, àjọ ìjọba tàbí ọ̀rẹ́ yín, yóò sì fi ojú yẹn gba password, PIN, nọ́ńbà ara káàdì ATM, tàbí kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín. Ó lè gba orí ímeèlì wá, ó lè jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìpè, ó lè jẹ́ lórí WhatsApp, Facebook tàbí Telegram. Ọ̀nà ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni.

Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ẹja pípa ni wọ́n ti yọ orúkọ náà láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn kan ń fi iṣẹ́ èké jí password àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì AOL ní Amẹ́ríkà. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹja ṣàjèjì sí àwa ará Òṣogbo, nígbà tó jẹ́ pé láti ara "atẹ́wọ́ gba ẹja" ni ìtàn sọ pé oyè ọba wa, Àtáọ́jà, ti wá. Ẹni tó bá ti jókòó ti apẹja rí létí odò (kì í ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun o, èèwọ̀ ni ẹja pípa níbẹ̀) yóò ti rí i pé ẹja kì í rí ìwọ̀. Ìjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ orúkọ àti nọ́ńbà mi? Àbí ẹnì kan ní báńkì ló fi mí hàn wọ́n?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò nílò rẹ̀. Nọ́ńbà yín wà lára pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù yín, ó wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ kò mọ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀, ó sì lè wà lára ìwé ìpè ìgbéyàwó tí ẹnì kan gbé sórí Facebook. Ní ti orúkọ, àwọn áàpù owó kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù láìsí òdo iwájú rẹ̀ ni nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà yín síbi tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́, orúkọ yín ní kíkún yóò yọ sí i lójú kí ó tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹni tó pè yín bá pe orúkọ yín mọ́ ti bàbá yín, kò tíì fi hàn pé láti báńkì ló ti ń pè.

Irú ìtàn wo ni wọ́n máa ń pa fún wa níbí?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìtàn tó gun òótọ́ lẹ́yìn. Báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, CBN, bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, lọ́dún 2014. Láti ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ "wọ́n ti ti BVN yín pa, ẹ pe nọ́ńbà yìí" kò ti tán nílẹ̀. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí gbogbo èèyàn so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, mọ́ nọ́ńbà fóònù wọn, àwọn gbájúẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n ń pe àwọn èèyàn pé àwọn yóò bá wọn so ó láìjẹ́ pé wọ́n kúrò nílé. Bí ìjọba bá kéde owó ìrànwọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, fọ́ọ̀mù èké ti wà lórí WhatsApp. Bí ìdánwò JAMB bá kọjá, àwọn tó ń ṣèlérí pé àwọn yóò fi máàkì kún ti ọmọ yín yóò jáde. Ìdí nìyí tí n kì í fi gbà bí oníbàárà bá sọ fún mi pé, "Òótọ́ ni, mo gbọ́ ọ lórí rédíò." Ohun tó gbọ́ lórí rédíò lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n rédíò kọ́ ló fi líǹkì ránṣẹ́ sí i.

Àwọn ìtàn yòókù kò tilẹ̀ gbé ìbòjú bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ olówó ńlá tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹrù láti òkè òkun tó há sí ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ̀bùn data. Ti data yìí, n kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, torí pé èmi náà ti gbé e mì rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan tí ìlú kún fún ọdún Ọ̀ṣun, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ ka ìwé girama fi líǹkì kan síbẹ̀ pé wọ́n ń fún gbogbo ọmọ Òròkí ní data ọ̀fẹ́ nítorí ọdún. Àwòrán odò wà lára rẹ̀, ó sì lẹ́wà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kọ nọ́ńbà mi sí i, ó ní kí n pín in fún ẹgbẹ́ WhatsApp márùn-ún kí data náà tó lè wọlé, mo sì pín in. Data kò wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ tíṣà ló pè mí, tó bi mí léèrè bóyá èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ni mo fi irú nǹkan báyìí ránṣẹ́ sí òun. Ẹgbẹ́ márùn-ún yẹn gan-an ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ mi: líǹkì tí àjèjì fi ránṣẹ́, èèyàn lè fura sí i, ṣùgbọ́n èyí tó ti ọ̀dọ̀ mi wá, àwọn èèyàn mi yóò tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni ìpè wọn ṣe máa ń lọ?

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ló sọ tirẹ̀ fún mi, mo sì ní kí ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí n lè rántí rẹ̀ dáadáa. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, ọjà ti kún. Ọkùnrin kan pè, Yorùbá tó dán mọ́rán ló sì ń sọ: "Ẹ káàárọ̀ o, Màámi. Láti báńkì yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé a dà yín láàmú lẹ́nu iṣẹ́." Ó pe orúkọ ìyá náà tààrà. Ó ní wọ́n ń tún àkáǹtì gbogbo oníbàárà ṣe, pé tirẹ̀ nìkan ló kù, àti pé bí aago méjìlá bá fi lù, owó inú rẹ̀ yóò há títí di oṣù tó ń bọ̀. "Kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí, Màámi, ẹ bá mi kà á."

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé lóòótọ́, orúkọ báńkì ló sì wà lórí rẹ̀. Ìyá kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ó na fóònù sí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí ó má ṣe sọ kóòdù náà fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ báńkì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n ní kí ọmọ náà kà, nọ́ńbà nìkan ló sì ń kà. Ó ti ka mẹ́rin nínú mẹ́fà nígbà tí oníbàárà kan dé tó fẹ́ ná aṣọ. Ìyá gba fóònù, ó ní kí ọkùnrin náà dúró díẹ̀. Ìgbà tí yóò fi padà sí i, ó ti ń jágbe: "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ pàdánù owó yín ni? Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀ kíá!" Ibẹ̀ ni ìyá ti fura. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń lọ sí báńkì, òun ni òun máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá òun lóhùn, òun kò tíì rí òṣìṣẹ́ báńkì tó ń fi ìgbónára bẹ òun nítorí owó òun. Ó pa fóònù.

Mo ní kí ẹ kíyè sí i pé báńkì gan-an ló fi kóòdù náà ránṣẹ́. Ọkùnrin yẹn ti ń gbìyànjú láti ṣí áàpù báńkì ìyá náà sórí fóònù tirẹ̀ lásìkò tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, báńkì sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá fúnra rẹ̀ ni. Nọ́ńbà méjì tó kù ni ìdáhùn tó ń dúró dè. Aago méjìlá tó dá fún un kò ní ìtumọ̀ kankan ju pé kí ó má ráyè béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti rí, ìkánjú yìí ni n kò tíì rí i kí ó sọnù níbẹ̀ rí.

Kí ni báńkì kì í béèrè lọ́wọ́ oníbàárà?

PIN yín, password yín, kóòdù OTP tó wọlé sórí fóònù yín, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Kò sí iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ báńkì ń ṣe lórí fóònù tó nílò ọ̀kankan nínú wọn. OníPOS náà kò nílò láti gbọ́ PIN yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ líǹkì èké?

Ẹ wá "/" àkọ́kọ́ tó bá dá dúró lẹ́yìn "https://", kí ẹ wá máa kà á padà sí apá òsì láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú dọ́ọ̀tì ìkẹyìn, pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé dọ́ọ̀tì náà, ló ń sọ ẹni tó ni ìkànnì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n fi èyí ránṣẹ́ sí yín: https://orukobanki.com.atunse-akanti.xyz/wole. Ojú yóò kọ́kọ́ bọ́ sórí "orukobanki.com", ọkàn yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n atunse-akanti.xyz ló ni ibẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, tí ẹnikẹ́ni lè kọ bó ṣe wù ú. Bí mo bá fi kíkùn kọ "Ààfin Àtáọ́jà" sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, ṣọ́ọ̀bù náà ni ibẹ̀ ṣì jẹ́. Bí àdírẹ́sì bá parí sí com.ng tàbí gov.ng, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ kà dípò méjì. Àwọn àjọ ìjọba nìkan ni wọ́n sì ń fún ní gov.ng, nítorí náà, fọ́ọ̀mù tó pe ara rẹ̀ ní ti ìjọba àpapọ̀ àmọ́ tó parí sí .xyz tàbí .top, ẹ má ṣe kọ ohunkóhun sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń fi "rn" rọ́pò "m", wọ́n máa ń fi òdo rọ́pò "o", wọ́n sì máa ń fi 1 rọ́pò "l". Àwa tí a mọ̀ pé àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya ọkọ kúrò lára ọkọ̀, irú ẹ̀tàn yìí kò yẹ kó mú wa. Líǹkì kúkúrú tí kò fi ibi tó ń lọ hàn kò ṣeé kà rárá.

Ká sòótọ́, ojú fóònù kéré, oòrùn ọ̀sán sì máa ń mú kí ó ṣókùnkùn, n kò lè retí kí ìyá aláṣọ máa ka àdírẹ́sì láti ọ̀tún sí òsì láàárín ọjà. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ má ṣe gba ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé báńkì ní iṣẹ́ pẹ̀lú yín lóòótọ́, ẹ ṣí áàpù báńkì tó ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí báńkì. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ óò bá a níbẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ bàjẹ́ nítorí pé ó dé báńkì ní ọ̀la dípò òní.

Mo rí àmì àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì náà. Ṣé kò tó?

Kò tó. Àgádágodo ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ẹ̀yin àti ìkànnì náà ń bá ara yín sọ. Kò sọ ẹni tí ẹ ń bá sọ ọ́. Gbájúẹ̀ náà lè gbà á sórí ìkànnì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Google tilẹ̀ yọ àmì náà kúrò lórí Chrome, áàpù tí wọ́n fi ń ṣí ìkànnì, ní ọdún 2023, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ọ́ di ẹ̀rí òtítọ́.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà bọ́ sábẹ́ àwọn alert báńkì mi àtijọ́. Báwo ló ṣe lè jẹ́ èké?

Orúkọ tó ń hàn lókè àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ohun tí fóònù yẹ̀ wò kó tó gbé e jáde. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló kọ ọ́. Bí gbájúẹ̀ bá rí ọ̀nà fi orúkọ tí báńkì yín ń lò ránṣẹ́, fóònù yóò kó o pọ̀ mọ́ àwọn alert tòótọ́, torí pé orúkọ kan náà ló rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ímeèlì: ẹnikẹ́ni lè fi ara rẹ̀ pe orúkọ tó wù ú, àdírẹ́sì tó fara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ náà ni kí ẹ tẹ̀ kí ó lè hàn.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán mọ́rán ṣì ń tú wọn fó?

Nígbà kan rí, bẹ́ẹ̀ ni. Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ti ń bá èèyàn kọ lẹ́tà tí kò ní àṣìṣe, mo ti rí iṣẹ́ gbájúẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára ju ti báńkì lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí ẹ wò, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní òun ṣèèṣì fi kóòdù mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ padà sí i?

Rárá. Kóòdù yẹn ni WhatsApp fi ń béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé WhatsApp yín lọ sórí fóònù mìíràn. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín mọ́. Wọ́n ti gba tirẹ̀, tiyín ló kàn. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́, WhatsApp yóò tì yín síta, ẹlòmíràn yóò sì jókòó sábẹ́ orúkọ àti fọ́tò yín, yóò máa kọ̀wé sí àbúrò, àna àti àwọn ará ìjọ yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní 50,000 náírà, áàpù báńkì mi ń yọ mí lẹ́nu, n ó dá a padà lálẹ́ yìí." Àwọn tó fẹ́ràn yín jù ni yóò kọ́kọ́ sanwó. Ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀bù mi láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí irú èyí, ó ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn pé òun kọ́ ló tọrọ owó, àwọn kan nínú wọn sì ti san án.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọ WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Kóòdù tuntun yóò wọlé sórí síìmù yín, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn yóò já síta. Bí ó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ lè ní láti dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè lò ó padà, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè lò ó mọ́. Bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ sì fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà.

Mo kọ ẹ̀sùn sí ojú ìwé báńkì lórí Facebook, ẹnì kan sì dá mi lóhùn kíákíá pé kí n kọ̀wé sí òun ní ìkọ̀kọ̀.

Àwọn gbájúẹ̀ máa ń jókòó ti irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ológbò ṣe ń jókòó ti ihò eku. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ráhùn ti ní ìṣòro tòótọ́, inú ń bí i, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má ṣe dá a lóhùn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ni kí ẹ pè.

Ṣé BVN mi nìkan tó fún wọn láti kó owó mi?

BVN nìkan kò lè gbé owó jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní i pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín, ó rọrùn fún wọn láti fi ara wọn pè yín níwájú ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù orí WhatsApp.

Fóònù mi dédé pàdánù nẹ́tíwọọ̀kì, ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó lè kàn án. Ẹnì kan lè ti lọ gba síìmù tuntun lórí nọ́ńbà yín, kí kóòdù báńkì lè máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá pa fóònù tí ẹ tún un tàn tí nẹ́tíwọọ̀kì kò padà, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe iléeṣẹ́ síìmù yín àti báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ti tẹ líǹkì náà, mo sì ti fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè. Kí ni kí n ṣe?

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ tí ẹ kò kọ ohunkóhun sí i, tí ẹ kò sì gbé áàpù kankan sórí fóònù, ẹ ti í pa, ó ṣeé ṣe kí ewu má sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti fún wọn ní PIN, nọ́ńbà káàdì tàbí kóòdù, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe ọkọ tàbí aya, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì yín. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ní kóòdù USSD (èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì *) tí èèyàn lè tẹ̀ lórí fóònù èyíkéyìí láti ti àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lónìí tí ọkàn yín balẹ̀ ni kí ẹ béèrè ti báńkì yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá dé, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, ẹ kò ní rántí ibi tí ẹ óò ti wá a. Bí owó bá ti jáde, ẹ sọ iye rẹ̀, àsìkò tó jáde, àti àkáǹtì tó lọ. Báńkì yín lè kàn sí báńkì tó gbà á kí wọ́n dá ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ kì í jẹ́ kí owó pẹ́ níbì kan; wọ́n á ti pín in lọ sí àkáǹtì mẹ́ta mẹ́rin, ibi POS ni yóò sì parí sí.

Password ímeèlì yín ló kàn, ṣáájú gbogbo password yòókù, torí pé inú ímeèlì ni wọ́n ti lè fi ọ̀nà "mo gbàgbé password" ṣí ìyókù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé áàpù kan sórí fóònù láti inú líǹkì tí kì í ṣe Play Store, ẹ pa data, ẹ má ṣe yí password kankan lórí fóònù yẹn; fóònù mìíràn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé èyí fún ẹni tó mọ̀ ọ́n láti nù ún mọ́ pátápátá. Ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí báńkì, kí ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn. Báńkì tí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ lè gbé e lọ sí CBN, nọ́ńbà yẹn sì ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ṣé owó mi yóò padà?

Nígbà mìíràn, bí ẹ bá tètè pariwo. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í padà, n kò sì fẹ́ tàn yín. Ẹ wá ṣọ́ra fún gbájúẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí yóò kàn sí yín lẹ́yìn náà pé òun mọ bí òun ṣe lè gba owó yín padà, pé kí ẹ kàn san owó iṣẹ́ díẹ̀ ṣáájú. Ó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ náà ni.

Kí ni òfin wí, ibo ni mo sì lè gbé ẹjọ́ lọ?

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, dárúkọ phishing ní abala 32: ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín. Àwọn ọlọ́pàá tún ní ilé iṣẹ́ kan ní Àbújá fún ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ẹ̀sùn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti EFCC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ẹ̀ka wọn tó wà ní Ìbàdàn ló ń mójú tó ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn kan máa ń rò pé ìlú òkèèrè ni gbogbo gbájúẹ̀ wà. Ẹni tó pe ìyá aláàdìrẹ yẹn ní "Màámi", ó jọ pé kò ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ìyá mi ti dàgbà, kò sì kàwé. Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bò wọ́n?

Ẹ má ṣe kọ́ wọn ní líǹkì àti àgádágodo. Ẹ bá wọn fi ohun kan ṣoṣo ṣe àdéhùn: ẹnikẹ́ni tó bá pè nípa owó, kí wọ́n dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi ló ń bá mi ṣe é, n ó pè é," kí wọ́n sì pa fóònù. Ẹ fi nọ́ńbà yín sí ibi tí wọn yóò ti rí i ní kíá. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí owó tí wọ́n fi ń tajà wà nínú àkáǹtì kan, kí èyí tí wọ́n fi pamọ́ wà nínú òmíràn tí kò ní káàdì tí kò sì sí lórí fóònù.

Ohùn pàápàá ti di ohun tí kọ̀ǹpútà lè sín jẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn yín lórí fóònù tó ń sunkún pé ọlọ́pàá ti mú yín, kí wọ́n rán owó kíá, ìbéèrè kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí àjèjì kò lè dáhùn. Ní ilé tiwa, oríkì tí bàbá bàbá mi fi ń kì mí ni. Kò sí lórí Facebook.

Ṣé mo lè mú fóònù mi wá sí ṣọ́ọ̀bù yín kí ẹ bá mi ṣe gbogbo èyí?

Ẹ lè mú un wá, n kì í gba owó láti fi Two-step verification sí WhatsApp ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ PIN, kí ẹ sì yí fóònù sápá kan nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kí èmi náà má baà rí i.